Kálísíọ́mù ńkọ́?

"Dókítà, ẹ jọ̀ọ́, màmá mi kì í sọ̀rọ̀ báyìí."

Obìnrin tó sọ ọ́ fún mi dúró síbi ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì ìyá rẹ̀, ó fi ìborùn di ìdí bí ẹni tó fẹ́ gbé ẹrù. Aago mẹ́ta òru ti lù. Oṣù kẹrin tí mo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ dókítà nìyẹn, ní ọsibítù ńlá kan nílẹ̀ Yorùbá. Etí mi gbọ́ ohun tó sọ, ọwọ́ mi sì kọ ọ́ sínú fáìlì: ọ̀rọ̀ rẹ̀ ti ń dàrú láti ọjọ́ mẹ́rin. Ṣùgbọ́n kò wọ̀ mí lára. Àgbàlagbà tó ń ṣàìsàn tó sì ń ṣèrànrán, mélòó ni mo ti rí lọ́sẹ̀ yẹn nìkan?

Ẹni ọdún 67 ni màmá náà, olùkọ́ ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tó ti fẹ̀yìn tì. Ọmọ rẹ̀ sọ fún mi pé nígbà tí àwọn wà ní ilé-ìwé, bí àwọn bá kọ létà ránṣẹ́ sílé, màmá á mú báírò pupa, á fa ìlà sábẹ́ gbogbo ọ̀rọ̀ tí àwọn kò fi àmì ohùn sí, á sì dá létà náà padà. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ ló wá ń fi orúkọ àbúrò rẹ̀ tó ti kú tipẹ́ pe ọmọ bíbí inú rẹ̀. Ó ń béèrè omi. Wọ́n á fún un, á mu ún tán, á bì í, á tún béèrè. Kí ilẹ̀ tó mọ́, ẹ̀ẹ̀mejì ni àwọn nọ́ọ̀sì pààrọ̀ aṣọ bẹ́ẹ̀dì rẹ̀ nítorí ìtọ̀.

Bí mo bá rántí òru yẹn, ohun tó máa ń dùn mí jù ni pé gbogbo ohun tó ń ṣe màmá yìí ló ti ní orúkọ kó tó dé ọ̀dọ̀ wa, orúkọ kọ̀ọ̀kan sì jọ òótọ́. Ó ń tọ̀ lemọ́lemọ́, òùngbẹ ń gbẹ ẹ́: àwọn aládùúgbò ní ìtọ̀ ṣúgà ni. Wọ́n yẹ ṣúgà rẹ̀ wò ní kẹ́míìsì, kò ga. Kò rí ìgbẹ́ yà fún ọjọ́ mẹ́fà: wọ́n ní jẹ̀díjẹ̀dí ni, wọ́n sì wá àgbo fún un. Ó ń bì, oúnjẹ kò wù ú, ara rẹ̀ kò lókun: ibà àti táífọ́ọ̀dù, wọ́n ti tọ́jú méjèèjì ní ilé ìwòsàn kékeré kan ládùúgbò. Ẹ̀yìn ti ń ro ó láti bí oṣù márùn-ún: ọjọ́ orí ni. Ta ni ẹ̀yìn kò ní ro lẹ́yìn tó ti fi ọdún 35 kọ́ ọmọ ọlọ́mọ lórí ìdúró? Nígbà tí ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ wá dàrú, wọ́n pe wòlíì.

N kò sọ èyí láti dá ẹbí náà lẹ́bi. Ohun tí wọ́n ṣe nílé náà ni mo ṣe ní wọ́ọ̀dù. Mo kọ ọ́ pé ó jọ pé kòkòrò àìsàn ti wọ inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, mo fún un ní oògùn apakòkòrò, mo fa omi díẹ̀ sí i lára. Oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tó ń lò bọ̀ láti ilé, mo tún un kọ sínú ìwé oògùn rẹ̀ láìrò ó lẹ́ẹ̀mejì. Àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ tí mo ní kí wọ́n ṣe fi hàn pé kíndìnrín rẹ̀ ti ń jìyà. Mo ní omi ló gbẹ lára rẹ̀. Òótọ́ ni, omi ti gbẹ. Kí ló mú un gbẹ? N kò béèrè.

Ọjọ́ kẹta ni ọ̀gá wa yí wọ́ọ̀dù. Obìnrin kan ni, kì í pariwo, kì í sì í yára. Ó gba fáìlì lọ́wọ́ mi, ó ka ohun tí mo kọ sókè fún gbogbo wa, láì fi ọ̀rọ̀ kan kún un: ó ń tọ̀ jù, òùngbẹ ń gbẹ ẹ́, ó ń bì, kò rí ìgbẹ́ yà, eegun ẹ̀yìn ń ro ó, kíndìnrín ti ń jìyà, ọ̀rọ̀ rẹ̀ ń dàrú. Gbogbo rẹ̀ wà níbẹ̀, ní ìwé kan ṣoṣo, pẹ̀lú ọwọ́ mi. Ó pa fáìlì dé.

"Dókítà, kálísíọ́mù ńkọ́?"

"Mi ò béèrè fún un, mà."

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé ohun kan fún ẹni tí kì í ṣe òṣìṣẹ́ ìlera. Ní ọ̀pọ̀ ọsibítù wa, àyẹ̀wò tí a máa ń kọ fún ẹnikẹ́ni tí a bá dá dúró ni èyí tí a ń pè ní E-U-Cr. Ó ń sọ iye sódíọ́mù, iye pòtásíọ́mù, àti bí kíndìnrín ṣe ń ṣe sí. Kálísíọ́mù kò sí nínú rẹ̀. Ọ̀tọ̀ ni a ń kọ ọ́, ọ̀tọ̀ ni aláìsàn ń san owó rẹ̀, bí ẹnikẹ́ni kò bá sì kọ ọ́, kò sí ẹ̀rọ tí yóò sọ ọ́ fúnra rẹ̀. Ní Amẹ́ríkà, nígbà tí ẹ̀rọ tó ń ṣe àyẹ̀wò púpọ̀ pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà gbòde ní nǹkan bí àwọn ọdún 1970, iye àwọn tí wọ́n bá kálísíọ́mù gíga lára wọn ròkè lójijì. Kì í ṣe pé àìsàn náà ṣẹ̀ṣẹ̀ dé sáàárín wọn. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ń béèrè rẹ̀ ni.

Láàbù wa kò lè ṣe é lọ́jọ́ náà. Ọmọ màmá fi ìgò ẹ̀jẹ̀ kékeré náà sínú ọ̀rá, ó gbé e mọ́ àyà, ó gun ọ̀kadà lọ sí láàbù aládàáni kan. Ìrọ̀lẹ́ ló padà dé pẹ̀lú bébà tí wọ́n ká sí mẹ́rin. Iye tí wọ́n kọ síbẹ̀ jẹ́ 14.4 mg/dL. Ara tó dá, 8.5 sí 10.5 ló máa ń wà.

Ó tilẹ̀ ga ju bí bébà yẹn ṣe sọ lọ. Nǹkan bí ìdajì kálísíọ́mù inú ẹ̀jẹ̀ ló dá wà, òun ló ń ṣiṣẹ́. Púpọ̀ nínú èyí tó kù ló so mọ́ purotéènì kan tí wọ́n ń pè ní albumin. Ẹni tí kò rí oúnjẹ jẹ, tí àìsàn ti tán lára, albumin rẹ̀ á lọ sílẹ̀, àpapọ̀ tí láàbù kà á sì dín, bẹ́ẹ̀ èyí tó ń ṣe jàǹbá kò dín. Nítorí náà a máa ń ṣe ìṣirò: fún gbogbo 1 g/L tí albumin bá fi dín ní 40, a ó fi 0.02 mmol/L, òṣùwọ̀n kejì tí a fi ń ka kálísíọ́mù, kún un. Albumin màmá jẹ́ 30. 14.4 mg/dL jẹ́ 3.6 mmol/L, a fi 0.2 kún un, ó di 3.8. Tó bá ti kọjá 3.5, pàjáwìrì ni, ì báà jẹ́ pé aláìsàn náà ṣì jókòó tó ń kí èèyàn.

Mo jókòó lálẹ́ ọjọ́ náà, mo tún kà nípa ohun tí mo ti yege nínú ìdánwò rẹ̀ rí. Nínú kálísíọ́mù tó wà lára èèyàn, 99 nínú 100 ló wà nínú eegun àti eyín. Eegun ni àká rẹ̀. Èyí tó kù, díẹ̀ bín-ín-tín, ló ń bá ẹ̀jẹ̀ rìn kiri, òun ló ń jẹ́ kí ẹran ara fà, kí ọkàn lù, kí iṣan gbé iṣẹ́ láti ọpọlọ dé ìka ẹsẹ̀. Kókó mẹ́rin ló ń ṣọ́ ọ, ọ̀kọ̀ọ̀kan kò ju wóró ìrẹsì lọ, wọ́n fara pamọ́ sí ọrùn lẹ́yìn ibi tí gẹ̀gẹ̀ ti máa ń yọ. Bí kálísíọ́mù bá fẹ́ lọ sílẹ̀ nínú ẹ̀jẹ̀, wọ́n á tú họ́mónù jáde, wọ́n á ṣí àká, wọ́n á bù díẹ̀. Bó bá ti tó, wọ́n á dákẹ́. Láàárọ̀ lálẹ́ ni wọ́n ń ṣe é, a kì í mọ̀.

Bí kálísíọ́mù bá wá pọ̀ jù, ńṣe ni gbogbo nǹkan ń falẹ̀. Ìfun á rọra, ìgbẹ́ á dúró. Inú á máa rú. Ọpọlọ á kọ́kọ́ gbàgbé, á ṣìnà, lẹ́yìn náà á sùn. Bí wọ́n bá fi ẹ̀rọ ya bí ọkàn ṣe ń lù, àlàfo kan tó yẹ kó gùn díẹ̀ á kúrú. Ẹni tó bá ń lo oògùn ọkàn tí wọ́n ń pè ní digoxin tún wà nínú ewu tó ju ti àwọn yòókù lọ.

Ṣùgbọ́n kíndìnrín ni ọ̀rọ̀ náà ti ń le jù. Kálísíọ́mù gíga kì í jẹ́ kí kíndìnrín lè dá omi dúró, ni aláìsàn ṣe ń tọ̀ bíi pé wọ́n ṣí ẹ̀rọ omi. Omi tó ń lọ yẹn ń mú kí ẹ̀jẹ̀ ki. Ẹ̀jẹ̀ tó bá ki kì í dé kíndìnrín tó, kíndìnrín kò sì ní lè da kálísíọ́mù nù, kálísíọ́mù á tún ga sí i. Èébì ń kó omi lọ láti òkè, ìtọ̀ ń kó o lọ láti ìsàlẹ̀. Oorun á wá bò ó, ẹni tó sì ń sùn kò lè sọ pé òùngbẹ ń gbẹ òun. Béèyàn ṣe ń gbẹ lọ nìyẹn, tí kọ́ọ̀pù omi wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ orí rẹ̀. Òùngbẹ tí màmá ń ké sí wa láti òru àkọ́kọ́, òun gan-an ni àìsàn náà. Kì í ṣe ìrànrán.

Ìdí nìyẹn tí oògùn àkọ́kọ́ fi jẹ́ omi iyọ̀ lásán, dírípù 0.9% tó wà ní gbogbo wọ́ọ̀dù, tí kò sì wọ́n. Ìlànà tí àwọn dókítà họ́mónù ní Britain ń lò sọ pé kí wọ́n fa lítà 4 sí 6 láàárín wákàtí 24 àkọ́kọ́. Ẹ wo ohun tí èmi ti ń fún un láti ọjọ́ méjì: lítà kan àti ààbọ̀ lóòjọ́. Àpò tiwa jẹ́ ìdajì lítà. A so àpò 8 fún un láàárọ̀ sí àárọ̀ kejì. Wọ́n ní omi ò lọ́tàá, ṣùgbọ́n ọkàn ẹni ọdún 67 lè kọ̀ ọ́, nítorí náà ní wákàtí mẹ́ta mẹ́ta ni mo ń gbé etí lé ẹ̀yìn rẹ̀ láti gbọ́ bóyá omi ti ń wọ ẹ̀dọ̀fóró. Nọ́ọ̀sì alẹ́ kan, ẹni tí mo ṣì ń bọ̀wọ̀ fún di òní, ni kò jẹ́ kí àpò kan gbẹ kí òmíràn tó rọ́pò rẹ̀. Ó ń wọn ìtọ̀, ó ń kọ ọ́ sílẹ̀, ó ń kígbe sí mi bí ìṣirò kò bá dọ́gba. Nígbà kan rí, oògùn tó ń mú ni tọ̀, furosemide, ni wọ́n máa ń fi kún dírípù yìí fún gbogbo aláìsàn, pé yóò fọ kálísíọ́mù jáde. Wọ́n ti fi ìyẹn sílẹ̀. Ẹni tí omi ti pọ̀ jù fún ọkàn rẹ̀ nìkan ló wà fún báyìí. Kí lèèyàn fẹ́ fi mú ẹni tó ti gbẹ tọ̀ sí i?

Lọ́jọ́ kẹta yẹn náà ni ọ̀gá wa ní kí ọmọ màmá lọ kó gbogbo oògùn tó wà nílé wá, pátápátá, àti èyí tí wọ́n gbàgbọ́ pé kì í ṣe oògùn. Ó kó o wá nínú àpò ìrajà. Ìgò ńlá méjì wà nínú rẹ̀, kálísíọ́mù pẹ̀lú fítámì D. Àbúrò rẹ̀ tó wà ní London ló ń fi ránṣẹ́, fún eegun. Nígbà tí ẹ̀yìn ò yé ro màmá, wọ́n sọ ẹyọ kan di méjì, wọ́n sọ méjì di mẹ́ta.

Ọmọ màmá jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. "Ṣé àwa la wá fẹ́ẹ́ fọwọ́ ara wa pa á ni, Dókítà?"

"Rárá o," ni ọ̀gá wa wí. Ó lóṣòó tì í. "Eegun ń ro ìyá yín, ẹ̀ ń wá ìtura fún wọn. Oògùn yìí nìkan kò lè gbé e dé ibi tó dé. Nǹkan mìíràn wà tí a ṣì ń wá. Ẹ ṣáà má fún wọn mọ́."

Oògùn kan tún wà nínú àpò yẹn tí ẹnikẹ́ni kò mẹ́nu bà, oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru. Thiazide wà nínú rẹ̀, àwọn tó ń lò ó nílẹ̀ wa kò níye, oògùn dáadáa sì ni. Ṣùgbọ́n kì í jẹ́ kí kíndìnrín da kálísíọ́mù nù bó ṣe yẹ. Fún ọjọ́ méjì gbáko ni mo ti ń fún màmá, lórí àṣẹ tí mo fọwọ́ ara mi kọ. Nígbà tí àwọn yòókù lọ sí bẹ́ẹ̀dì kejì, mo dúró, mo sọ fún ọ̀gá mi. Kò bú mi. Ó fún mi ní báírò rẹ̀, ó ní kí n fagi lé e, kí n kọ ọjọ́ àti aago síbẹ̀.

Omi nìkan kì í tó. Ó ń rọ kálísíọ́mù sílẹ̀ díẹ̀ ni, ó sì ń gba kíndìnrín sílẹ̀. Ohun tó ń tú u jáde láti inú eegun ṣì ń tú u. Àwọn oògùn kan wà tí wọ́n ń di ọwọ́ àwọn sẹ́ẹ̀lì tó ń jẹ eegun. Zoledronic acid ló lókìkí jù nínú wọn, 4 mg, a kì í fún èèyàn ní kíákíá ju ìṣẹ́jú 15 lọ. Ṣùgbọ́n ó lè pa kíndìnrín tó ti ń jìyà lára, nítorí náà omi ló gbọ́dọ̀ ṣíwájú. Pamidronate, ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, ni ọmọ màmá rí rà, lẹ́yìn ilé oògùn márùn-ún, ní ọjọ́ kẹrin. A rọra kán an sí i lára fún ọ̀pọ̀ wákàtí. Mo retí pé kó lajú lọ́jọ́ kejì. Kò lajú. Kò sẹ́ni tó sọ fún mi tẹ́lẹ̀ pé oògùn náà máa ń gbà tó ọjọ́ méjì sí mẹ́rin kó tó ṣiṣẹ́ tán, mo sì fi ọjọ́ wọ̀nyẹn rò pé a ti pẹ́ jù. Calcitonin wà, tó máa ń ṣiṣẹ́ láàárín wákàtí díẹ̀ tí agbára rẹ̀ á sì tán láàárín bí ọjọ́ méjì, afárá ni wọ́n fi ń ṣe títí oògùn kejì á fi dé. Níbi tí mo ti ṣiṣẹ́, n kò rí i rí.

Ní àwọn ọjọ́ ìdúró yẹn ni mo kà nípa Charles Martell, ọ̀gá nínú iṣẹ́ ọkọ̀ ojú omi, ọmọ Amẹ́ríkà. Eegun rẹ̀ ń rọ̀, ó ń ṣẹ́ láìnídìí, ọkùnrin gíga náà sì ń kúrú lójú ara rẹ̀ títí ó fi dín ní nǹkan bí 18 sẹ̀ǹtímítà. Ọ̀kan nínú kókó mẹ́rin yẹn ló wú, tó ń ṣí àká láìdáwọ́ dúró. Ìgbà mẹ́fà ni wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún un láìrí i. Ọkùnrin yìí fúnra rẹ̀ lọ ka ìwé nípa ẹ̀yà ara, ó sì rọ àwọn dókítà pé kí wọ́n wá a nínú àyà. Ní 1932, nígbà keje, ní Massachusetts General Hospital ní Boston, inú àyà ni wọ́n ti bá a. Kíndìnrín rẹ̀ ti bàjẹ́ jù nígbà náà, òkúta ti kún inú rẹ̀. Ó kú lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Mo ka ìtàn náà lẹ́ẹ̀mejì. Ọkùnrin tó ni ara ló sọ ibi tí wọ́n máa wò. Mo wá rántí ọmọ màmá níbi ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì, ní aago mẹ́ta òru.

Kókó ọrùn kọ́ ló ń ṣe màmá. Tí a bá ti rí i pé kálísíọ́mù ga, ìbéèrè tó kàn ni iye họ́mónù àwọn kókó yẹn. Bó bá ga, tàbí tó bá wà déédéé nígbà tó yẹ kó ti dákẹ́, ọwọ́ wọn ló wà. Bó bá ti lọ sílẹ̀ pátápátá, àwọn kókó ń ṣe iṣẹ́ wọn, ẹlòmíràn ló ń jí àká ṣí. Nínú mẹ́wàá tó bá ní kálísíọ́mù gíga, nǹkan bí mẹ́sàn-án ló jẹ́ ti kókó ọrùn tàbí ti jẹjẹrẹ, jẹjẹrẹ ló sì máa ń pọ̀ jù láàárín àwọn tó wà lórí bẹ́ẹ̀dì ọsibítù. Ikọ́ ife lè fà á pẹ̀lú, nípa sísọ fítámì D di alágbára ju bó ṣe yẹ lọ. A máa ń gbàgbé ìyẹn, bẹ́ẹ̀ ikọ́ ife kò wọ́n láàárín wa. Ti màmá, họ́mónù rẹ̀ ti wálẹ̀. Nígbà tí a ya fọ́tò orí rẹ̀, ihò róbótó róbótó kún agbárí rẹ̀ bíi pé ẹnì kan fi ìṣó lu ú. Myeloma ni, jẹjẹrẹ tó ń bẹ̀rẹ̀ nínú mùdùnmúdùn eegun. Ẹ̀yìn tó ń ro ó fún oṣù márùn-ún kì í ṣe ọjọ́ orí.

Ọdún méjì ó lé díẹ̀ ló tún lò lẹ́yìn náà. Ó gba ìtọ́jú, ó rí ìgbéyàwó ọmọ-ọmọ rẹ̀ kan. N kò fẹ́ sọ ọ́ bíi pé a wò ó sàn. A kò wò ó sàn. Ṣùgbọ́n ká ní ó kú sí wọ́ọ̀dù yẹn lọ́jọ́ kẹrin tàbí karùn-ún, ohun tí a máa kọ sínú ìwé ikú rẹ̀ ni àìsàn kòkòrò inú ẹ̀jẹ̀, a ò sì ní mọ̀ láé pé irọ́ la kọ. Mélòó la ti kọ bẹ́ẹ̀? Ìbéèrè yìí kì í jẹ́ kí n sùn láwọn òru mìíràn.

Mo ti pàdé kálísíọ́mù gíga lọ́pọ̀ ìgbà láti ìgbà náà. Èyí tí kò lọ lọ́kàn mi ni ti ìyàwó ilé kan tí jẹjẹrẹ ọmú rẹ̀ ti wọ eegun àti ẹ̀dọ̀. Ọkọ rẹ̀ gbé e wá nítorí pé kò jẹun. Nígbà tí mo ní ó ti ń sùn jù, ó ní, "Ẹ jẹ́ kó sùn, Dókítà. Ó ti pẹ́ tó ti rí oorun sùn." Mo mọ̀ nígbà yẹn irú oorun tí oorun náà jẹ́. Jẹjẹrẹ mìíràn máa ń ṣe ohun kan tó jọ họ́mónù kókó ọrùn, á máa pàṣẹ fún eegun bíi pé òun ni olówó ilé. Fuller Albright, dókítà họ́mónù kan ní Amẹ́ríkà, ti fura sí i ní 1941, ọdún 1987 ni wọ́n tó rí ohun náà gan-an. Nígbà tí kálísíọ́mù bá ga nítorí jẹjẹrẹ tó ti tàn kálẹ̀ báyìí, ó sábà máa ń jẹ́ pé oṣù díẹ̀ ló kù, nígbà mìíràn ọ̀sẹ̀.

Ṣé ká wá jí i? Èmi àti ọkọ rẹ̀ jókòó lórí bẹ́ǹṣì níta wọ́ọ̀dù, mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un, mo sọ iye tí yóò ná an pẹ̀lú. Ó dákẹ́ títí. Ó ní àwọn ọmọ wọn méjì wà ní Ìlọrin, wọn kò tíì dágbére fún ìyá wọn. A tọ́jú rẹ̀. Ọjọ́ 11 ló fi lajú kedere. Ó bá àwọn ọmọ sọ̀rọ̀, ó sọ ibi tí owó àjọ wà àti ẹni tó jẹ òun ní gbèsè aṣọ. Nígbà tí kálísíọ́mù tún gòkè, ọkọ rẹ̀ kò béèrè dírípù mọ́, èmi náà kò sì fi lọ̀ ọ́. Oògùn ìrora la fún un, àti omi tí a fi òwú ra ètè rẹ̀. Mo gbà pé ohun tó tọ́ la ṣe nígbà àkọ́kọ́, ohun tó tọ́ náà sì la ṣe nígbà kejì.

Nísinsìnyí, bí mo bá ń kọ fọ́ọ̀mù E-U-Cr, mo máa ń fi báírò kọ kálísíọ́mù àti albumin sí ìsàlẹ̀ níbi tí kò sí àpótí fún wọn. Kì í ṣe fún gbogbo èèyàn, nítorí owó aláìsàn ni. Àgbàlagbà tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ dàrú. Ẹni tó ní jẹjẹrẹ tó wá ń sùn jù tàbí tí kò rí ìgbẹ́ yà. Ẹni tó ń tọ̀ tó ń gbẹ tí ṣúgà rẹ̀ kò ga. Ẹni tí eegun ń ro tí kíndìnrín rẹ̀ sì ń ṣubú. Mo máa ń sọ fún àwọn ọmọdé dókítà tó wà lọ́dọ̀ mi pé kí wọ́n má fi ìbọ̀wọ́ so apá aláìsàn pẹ́ kí wọ́n tó fa ẹ̀jẹ̀ náà, torí ó lè sọ iye rẹ̀ di gíga lásán. Mo sì ti kọ̀wé lẹ́ẹ̀mejì sí ibi tó yẹ, pé kí kálísíọ́mù wọ inú àyẹ̀wò tí gbogbo ẹni tí a bá dá dúró ń ṣe. N kò tíì rí èsì. N ó tún kọ.

Ohun tí mo fẹ́ sọ kẹ́yìn ni ti àárọ̀ ọjọ́ kẹjọ. Kálísíọ́mù màmá ti bọ́ sí 2.7. Mo ń so àpò dírípù kan, mo ti fi báírò kọ orúkọ rẹ̀ sórí pílásítà tí mo lẹ̀ mọ́ ọn lára. Ọmọ rẹ̀ ti fi awò ojú rẹ̀ sí i lójú. Ó ti pe ọmọ náà lórúkọ láàárọ̀ yẹn, orúkọ rẹ̀ gan-an, obìnrin náà sì ti sunkún títí ó fi jáde lọ bọ́jú. Màmá gbójú sókè, ó wo àpò náà, ó ń ka ohun tó wà lára rẹ̀, ètè rẹ̀ ń mì díẹ̀díẹ̀.

"Dókítà," ó ní, ohùn rẹ̀ ṣì há. "Àmì orúkọ mi dà?"

N kò ní báírò pupa. Mo fi búlúù tó wà lápò mi fi àmì sí i, mo yí àpò náà kó lè rí i. Ó wò ó dáadáa. Ó ní ó ku ẹyọ kan.